Ìlẹ̀kùn Tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Gbà Wọ Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti bí a ti ń tọ́jú aláìsàn, bí kò ṣe ti ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà títí yóò fi gba oyè ní Yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé tí ó ka Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, fíísíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì lẹ́sẹẹsẹ ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ènìyàn ni ó gbé ìlẹ̀kùn náà kalẹ̀, ènìyàn náà ni ó sì ti ṣí i nípò padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbàkúùgbà tí a bá sì ṣí i nípò, ẹnì kan a wọlé, ẹnì kan a sì dúró síta.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti London, nítorí láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìlànà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1860 ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Florence Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas', pẹ̀lú owó tí àwọn ènìyàn dá, tí ó ju £40,000 lọ, láti fi dúpẹ́ iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe nígbà ogun Crimea. Obìnrin 15 ni a kọ́kọ́ gbà. Kí ni a béèrè lọ́wọ́ wọn? A kò béèrè ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ohun tí a béèrè ni pé kí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 25 sí 35, kí ara wọn le, kí a sì rí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ìwà wọn. Ìdí èyí kò jìnnà. Ní ayé ìgbà náà, ojú ẹ̀gàn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀mùtí àti aláìníláárí ni wọ́n ka irú wọn sí. Bí a kò bá fi ìwà ṣe ìlẹ̀kùn, baba wo ni yóò gbà kí ọmọbìnrin òun wọ ibẹ̀?

Àwa àlùfáà, tí a ti kọ ìwé ìjẹ́rìí ìwà fún ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ, mọ̀ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti rọrùn tó láti kọ. Ó dàbí ẹni pé àwọn ará St Thomas' pàápàá mọ èyí, nítorí wọn kò fi ìwé àlùfáà nìkan mọ. Bí obìnrin náà bá wọlé tán, a ń kọ ìṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣooṣù: bí ó ń dé ní àkókò, bí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, bí ó jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ó mọ́ tónítóní.

Ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ wọ inú Yunifásítì. Yunifásítì Minnesota dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1909; Yale ṣe tirẹ̀ ní 1923, nígbà tí ó sì di 1934, Yale kò gba ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ẹni tí ó ti gba oyè mìíràn tẹ́lẹ̀. Ìlẹ̀kùn gíga ni èyí! Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yára bẹ́ẹ̀. Òfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì jáde níbẹ̀ ní 1919, ṣùgbọ́n ó di 2013 kí a tó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kọ́ ọ dé ojú oyè.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Kí ó tó di pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kankan kalẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn ìjọ Ọlọ́run ti ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ tiwọn. Ilé ìwòsàn àwọn Àgùdà ní Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀ láti 1895. Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, dókítà fúnra rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn. Ọmọ tí ó mọ̀wé díẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kò sì bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, ni ó ń mú. Ọkùnrin sì pọ̀ nínú wọn, nítorí ọkùnrin ni a kọ́kọ́ rán lọ sí ilé-ìwé. Òfin àwọn agbẹ̀bí jáde ní 1930, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì ti Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ilé ìwòsàn Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952, ní Adéọ̀yọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ sí, wọ́n fẹ́ kí London ka ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ sí ọgbọọgba pẹ̀lú tiwọn. Nítorí náà ẹ̀kọ́ tí ó mọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè tó mọ́. A níláti jáde ní ilé-ìwé gíga.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìtàn yìí kò lè yà sílẹ̀. A bí Kofoworola Abeni Scott ní Èkó ní 1915. Ó kàwé ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ti CMS ní Èkó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1869. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó wù ú, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò fẹ́ ẹ fún un. Ó sì di olùkọ́. Ìgbà tí ó ti di aya Ọ̀gbẹ́ni Pratt, ní 1946, ni ó tó lọ sí London, tí ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale gan-an ní St Thomas'. Aláìsàn kan kọ̀ ọ́ níbẹ̀ pé kí ó má fọwọ́ kan òun, nítorí pé ènìyàn dúdú ni. Ó fara dà á, ó yege, ó padà wálé, àti ní 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1965, ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, obìnrin yìí sì wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ ń fún nọ́ọ̀sì ní oyè Yunifásítì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ kíyèsí ẹni tí ìlẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ fún: kì í ṣe ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, bí kò ṣe nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìjọba, tí ó ti dúró tì aláìsàn lóru, tí Yunifásítì ń fẹ́ sọ di olùkọ́ àti alákòóso. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni Ìbàdàn kọ́kọ́ béèrè.

Ní 1973, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, ṣí ìlẹ̀kùn kejì: ọmọ tí ó jáde ilé-ìwé gíga lè wọlé tààrà, kí ó sì lo ọdún 5. Ìgbìmọ̀ JAMB dé ní 1978, ìlẹ̀kùn Ifẹ̀ yìí ni ó sì wá di ọ̀nà gbogbogbòò. Lónìí, ẹni tí yóò gbà á níláti pé ọmọ ọdún 16, kí ó ní kírẹ́díìtì nínú ẹ̀kọ́ 5 tí a dárúkọ níṣàájú, ní ìjókòó méjì ó pẹ́ tán, kí ó sì ṣe ìdánwò JAMB. Bí ọmọ bá wọlé ní ọdún 16, tí ó sì jáde ní 21, kò tíì dàgbà tó ẹni tí Nightingale ìbá jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ń bi wá pé, kí ni fíísíìsì ní í ṣe pẹ̀lú títọ́jú aláìsàn? Ó ní í ṣe púpọ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti ń mọ ohun tí ń mú ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá ṣiṣẹ́, àti agbára afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú àgbá. Ìṣirò ńkọ́? Bí dókítà bá pàṣẹ pé kí omi 1,000 mílílítà kán wọ ara aláìsàn tán ní wákàtí 8, tí ìkán 20 sì jẹ́ mílílítà 1, nọ́ọ̀sì níláti rí i pé bí ìkán 42 ni ó ń kán ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò lè ṣírò èyí lè fi inú rere pa ènìyàn. Nítorí náà àwa kò dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń fẹ́ kí a rẹ ìlẹ̀kùn sílẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn wá ni ibi tí a ti ń tì í. Kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì ni a ti ń tì í mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, bí kò ṣe ní ilé-ìwé gíga, nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 14 tàbí 15, tí a ń pín wọn sí ọ̀nà sáyẹ́ǹsì tàbí òmíràn. Àwọn ilé-ìwé ọmọbìnrin tí àwọn ìjọ wa dá sílẹ̀ ní àtijọ́ tẹnu mọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, orin àti ìtọ́jú ilé. Nígbà tí sáyẹ́ǹsì sì dé, ọ̀pọ̀ kò ní yàrá ìdánwò tàbí olùkọ́ fíísíìsì. Títí di òní, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì tán. Ọmọ náà kò mọ̀ pé a ti ti ìlẹ̀kùn, títí ọdún mẹ́ta yóò fi kọjá tí yóò sì gba fọ́ọ̀mù.

Ìyà yìí ń jẹ àwọn àgbà pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì tí ó ti forúkọ sílẹ̀ ṣì lè wọ Yunifásítì láìbá àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀, láti ọdún kejì ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kírẹ́díìtì 5 yẹn ni a ń béèrè lọ́wọ́ òun náà. Nínú àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a rí àwọn tí kò ní fíísíìsì, nítorí a kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n wọṣẹ́. Wọ́n ń lọ jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n lè bí, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ òru. Bí irú wọn bá wà nínú ìjọ tàbí ládùúgbò yín, tí olùkọ́ fíísíìsì kan sì wà nítòsí, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní títí di àkókò ìdánwò ni wọ́n ń wá.