Ta Ni Yóò Dán Ìdánwò Wò?

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó para pọ̀ di ohun tí à ń pè ní ìdánwò: a dán nǹkan, a sì wò ó. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọmọ-iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti mọṣẹ́ tó kò ní jókòó máa bi í léèrè bí a ti ń rọ ọkọ́. Irin ni yóò gbé lé e lọ́wọ́. Bí ọkọ́ náà bá dóko, tí ó wọ ilẹ̀ líle, tí ẹnu rẹ̀ kò ká, ọmọ náà ti yege nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ awo. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kiri, tí ó ń kọ́ ẹsẹ̀ ojú odù 16 àti ti ọmọ odù 240. Ní àwùjọ àwọn awo ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀; bí ó bá ṣì í kì, wọn yóò tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà gbà pé ojú ọjọ́ kan kò tó í mọ ènìyàn. Wọ́n ní kí a tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta.

N kò sọ èyí láti fi yin àtijọ́ láyìnjù. Ìdánwò ọ̀dọ̀ ọ̀gá ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀gá ni olùkọ́, òun náà ni adájọ́. Bí ó bá kórìíra ọmọ, ta ni ọmọ yóò ké sí? Ẹ̀rí ọ̀gá kò sì wúlò ní ìlú tí a kò ti mọ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Irú àléébù yìí ni ìdánwò alákọsílẹ̀ wá tún ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn tí Northcote àti Trevelyan kọ fún ìjọba ní 1854 dámọ̀ràn pé ìdánwò tí gbogbo ènìyàn lè bá ara wọn dù ni kí a máa fi yan òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ó má baà jẹ́ pé ọmọ ẹni tí a mọ̀ nìkan ni yóò máa rí iṣẹ́. Èrò rere ni. Ìwé ìdánwò kò mọ ọmọ ọba yàtọ̀ sí ọmọ àgbẹ̀. Nọ́ńbà ni ó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ bàbá ẹni. Ọ̀pọ̀ ọmọ aláìní ni ìdánwò ti ṣí ilẹ̀kùn fún ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí kò ní dá ẹjọ́ òdodo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò náà gúnlẹ̀ sí etíkun wa, ẹrù mìíràn wà lórí rẹ̀. Abẹ́ ìjọba kan náà ni Èkó àti Gold Coast wà nígbà náà. Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1882 ka iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ kí ó tó rí owó ìrànwọ́ gbà: kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn ti jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta láti 1859, ọdún 23 ṣáájú òfin yìí. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nítorí pé ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. A ń kọ èdè náà, a ń tẹ̀ ẹ́, a ń kà á, ṣùgbọ́n kò sí owó lórí rẹ̀. Nígbà tí Èkó sì ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1887, èsì ìdánwò wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ iye tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ nígbà náà, kí ni ẹ óò fi ọjọ́ yín kọ́ ọmọ? Ohun tí ń mówó wá ni. Láti ìgbà náà ni ìdánwò kò ti jẹ́ òṣùwọ̀n lásán mọ́; ó ti di ẹni tí ń sọ ohun tí ọgbọ́n jẹ́ fún wa.

Láti Cambridge ni ìbéèrè ti ń wá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa lẹ́yìn náà. Bí ọmọ yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, tí Gẹ̀ẹ́sì bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwé-ẹ̀rí kò sí fún un. Ní 1952 ni wọ́n dá àjọ WAEC sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí àbá tí Ọ̀mọ̀wé G. B. Jeffery mú wá. Ìlọsíwájú ńlá ni, nítorí pé àwa fúnra wa wá ń kọ ìbéèrè. Yorùbá náà wà lára iṣẹ́ tí ọmọ lè ṣe ìdánwò lé lórí. Síbẹ̀ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni láàárín iṣẹ́ púpọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń bi ọmọ nípa ìtàn, nípa ìṣirò àti nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tí ó mọ ìgbà tí à ń ta ọwọ́ iṣu àti bí a ti ń kọ ebè, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí òyìnbó ti ń pè é, òdo ni yóò gbà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀wọ́n dé. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ pọ̀ yanturu, àyè ilé-ẹ̀kọ́ girama kò tó. Ìdánwò wá di asẹ́: kì í ṣe kí a mọ ẹni tí ó mọ̀wé ni a fi ń ṣe é mọ́, bí kò ṣe kí a rí ẹni tí a óò dà nù. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni a là fún àwọn ọmọ wa. Níbi tí ilẹ̀kùn bá ti há jù, àwọn kan yóò gba ojú fèrèsé wọlé. Ní 1977, ìbéèrè WAEC lu síta, ariwo sì gba gbogbo Nàìjíríà kan. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ́sípò di ohun tí tọmọdé tàgbà ń dá lẹ́nu. Ní 1984, òfin ìjọba ológun gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 21 kalẹ̀ fún màgòmágó ìdánwò, kí òfin mìíràn tó dín in kù ní 1999. Ẹ̀wọ̀n ọdún 21 nítorí ìwé ìbéèrè! Ohun tí a bá fi irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ti wúwo ju ohun tí ó yẹ kí a gbé lé ọmọ lórí lọ.

Ìwúwo náà kò tíì dín kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, jẹ́wọ́ pé àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà ti ba èsì àwọn ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Kí àṣìṣe náà tó hàn, ọ̀pọ̀ òbí ti bá ọmọ wọn wí pé ọ̀lẹ ni.

Mo tún wo ọ̀rọ̀ èdè, nítorí pé níbẹ̀ ni ó dùn mí jù. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó yàtọ̀. Wọ́n ṣe ìfiwéra. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé níbi tí èdè abínibí ti gbilẹ̀, àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìlànà 2022 kò tíì parí ìwé mẹ́rin nígbà tí wọ́n fagi lé e. Báwo ni yóò ti ṣe fìdí rẹmi nínú WAEC? Bí a bá sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dán ọmọ wò, tí a wá fi èsì rẹ̀ jẹ́rìí lòdì sí Yorùbá, òfin 1882 ni a tún jí dìde.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò ní kí a pa ìdánwò tì. Bí a bá pa á tì, ọmọ ẹni tí a mọ̀ ni yóò tún gba gbogbo àyè. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ètò 6-3-3-4, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú ìlérí pé a óò máa ka iṣẹ́ ojoojúmọ́ ọmọ mọ́ ìdánwò ìkẹyìn, ṣẹ ní tòótọ́. Kí a sì máa kọ ìbéèrè ìdánwò àṣejáde ìwé mẹ́fà ní Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ fi èyí tí ó bá mọ̀ dáhùn. Àwọn ìyá wa lọ́jà kì í jẹ́ kí a fi kóńgò wọn gààrí fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n yí i po, kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Wọn kò bá kóńgò jà, wọn kò sì ní kí a máa fi ojú lásán ta gààrí. Láti 1882 ni a ti ń fi òṣùwọ̀n kan wọn ọmọ wa. Ó tó àkókò kí a yí i po, kí a wo ìdí rẹ̀.