Ìyá Sidhu: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Ìdílé Sidhu-Brar

Láti ìgbà tí Lepel Griffin ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọba Punjab jáde ní 1870 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń tún ohun kan náà wí nípa ìdílé Sidhu-Brar: àrọ́mọdọ́mọ Jaisal ni wọ́n, ọba Bhati tó tẹ Jaisalmer dó, Rajput (ẹ̀yà àwọn jagunjagun) ni wọ́n kí wọ́n tó di Jat (ẹ̀yà àwọn àgbẹ̀). A kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú ìtàn Griffin fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tó tako o wà.

Griffin ní Khiwa, ọmọ ìran Jaisal, kò rí ọmọ bí lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ Rajput. Ó wá lọ fẹ́ ọmọ Jat, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin yìí ló bí Sidhu. Griffin sáré kọjá ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ní Punjab, bàbá ni ọmọ ń jẹ́. Kí ló wá sọ ọmọ Rajput di Jat?

Ó yẹ kí a ya ìran sọ́tọ̀ kúrò lára ìdílé. Ìran ni orúkọ àwọn bàbá tí àwọn mirasi, àwọn akéwì tó ń ka ìran, fi ń ki ènìyàn. Ìdílé ni àwọn tí kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn, tí wọ́n jọ ń gbèjà ilẹ̀ kan náà. Bí agbára bá dé, ìran a máa gùn sí i. Kò sẹ́ni tó lè ti ẹnu mirasi sọ ara rẹ̀ di ọmọ ìdílé. Ohun tí ènìyàn ń ṣe ló ń pinnu ìyẹn. Denzil Ibbetson fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ nínú ìròyìn ìkànìyàn 1881: ó ní ipò láwùjọ ló ya Jat àti Rajput, pé ìdílé Rajput tó bá ń ṣú opó ti di Jat. Ṣùgbọ́n ó dúró lágbedeméjì. Bí Rajput bá lè di Jat, kí ló dí Jat tó gorí ìtẹ́ lọ́wọ́ láti wá bàbá ńlá Rajput?

Ẹ wo bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra. Phul, bàbá ńlá àwọn ilé ọba Sidhu-Brar, tó kú ní 1652, kì í ṣe ọba. Lọ́dọ̀ Tiloka ọmọ rẹ̀ ni ilé Nabha àti Jind ti ṣẹ̀; lọ́dọ̀ Rama, ọmọ rẹ̀ mìíràn, ilé Patiala. Láàárín àwọn ọdún 1760 ni Ahmad Shah Durrani, ọba Afghanistan, fi Ala Singh, ọmọ Rama, jẹ Raja. Ó ṣeé ṣe kí ìgbà náà ni orúkọ Jaisal wúlò jù.

Àwọn kan á ní ẹni tó ń wá iyì kò ní í fi ìyá tí wọ́n fojú tín-ín-rín kún ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé Jat ni wọ́n! Ìtàn tó bá máa fún wọn ní bàbá Rajput gbọ́dọ̀ wá ibi tí Jat yóò gbà wọlé. Ìyá Sidhu ni ọ̀nà náà.

Ní ti ìpìlẹ̀ àwọn Jat lápapọ̀, èrò James Tod, tó so Jat pọ̀ mọ́ àwọn Getae àtijọ́, kò yẹ ní jíjiyàn lé lórí mọ́. Àlàyé Irfan Habib lágbára jù: darandaran láti Sindh tó gòkè wá, tó sì di àgbẹ̀. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi kànga, tí Habib gbé gẹ̀gẹ̀ nínú àlàyé náà, kò bá Malwa, ilẹ̀ àwọn Sidhu-Brar ní Punjab, mu tó, níbi tí omi kànga ti jìn. Ìyẹn tó ìwádìí mìíràn.

Jat ni Sidhu-Brar láti ìpìlẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi Jaisal kún un. Ẹni tó bá fẹ́ já wa nírọ́, kó yé ka orúkọ bàbá fún wa. Kó lọ wádìí ilé tí àwọn ìyàwó wọn ti wá.