Ìgbébọnlé Iwájú: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Mú Un Dúró Gbọin

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ni ìgbébọnlé iwájú tí wọ́n ń lò ní ẹ̀ka F-Open nínú ìdíje F-Class, tí George Farquharson, ará Kánádà, dá sílẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn níbẹ̀, àmì sì lè jìnnà tó yáàdì 1,000.

Ká ní 70 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín ìgbébọnlé iwájú àti àpò ẹ̀yìn. Tí iwájú bá yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré bẹ́ ẹ ṣe ń yìnbọn, ọta á fi bíi mítà 1.3 yẹ̀ ní 900 mítà. Ìyẹn ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ẹ rí i pé kò sí ọta nínú ìbọn. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ kọjú ìgbébọnlé sí àmì tiyín, kẹ́ ẹ tẹ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlẹ̀ dáadáa.

2. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ́jú, kó má dà sápá kan.

3. Ẹ fi iyanrìn gbígbẹ kún àpò ẹ̀yìn kó le. Kò gbọdọ̀ so mọ́ ìgbébọnlé iwájú.

4. Ẹ fa ìbọn sẹ́yìn, ẹ tì í síwájú, kẹ́ ẹ máa wo inú awò. Tó bá ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹ sún àpò ẹ̀yìn títí á fi máa lọ tààrà. Ẹ má fọwọ́ fipá tì í.

Lẹ́yìn ìbọn kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún wo nọ́ńbà àmì yín. Ẹni tó bá yìnbọn sí àmì aládùúgbò, òdo ló gbà.