Àwòrán Àgbéléra: Láti Òkú Àfarahàn Dé Ọ̀dọ̀ Ìbejì Ìlá

Nínú fíìmù àgbéléwò, ìran kan wà tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó. Bàbá ti kú, wọ́n ti sin ín, àbúrò rẹ̀ sì ti jókòó ti ohun ìní rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, bàbá yọ sí i nínú yàrá, ṣùgbọ́n à ń rí àga àti ògiri gba inú ara rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn Òyìnbó ń pè ní double exposure nìyẹn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, èmi yóò máa pè é ní àwòrán àgbéléra, nítorí pé àwòrán méjì ni a gbé lé ara wọn. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àgbéléwò o: "ilé" ni ó wà nínú ti àgbéléwò, ọ̀rọ̀-ìṣe "lé" ni ó wà nínú ti èyí.)

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ ju fíìmù lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1862, ayàwòrán kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, William Mumler, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò tí òjìji òkú máa ń hàn nínú rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí ó jókòó. Ogun abẹ́lé ń pa ọmọ ọlọ́mọ nígbà náà, àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní New York ní ọdún 1869 fún ẹ̀sùn ìtànjẹ, ṣùgbọ́n wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Ní nǹkan bí ọdún 1872, opó Ààrẹ Abraham Lincoln jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, òjìji ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e ní èjìká.

Nígbà tí fíìmù dé, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi mú ọgbọ́n yìí wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1898, George Albert Smith ṣe fíìmù The Corsican Brothers ní Hove, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìtàn Alexandre Dumas ni ó ti mú un, Dumas yẹn tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Saint-Domingue. Ẹ wá wo ohun tí ìtàn náà dá lé: ìbejì! Wọ́n pa ọ̀kan nínú wọn ní Paris, òkú rẹ̀ sì fara han èkejì ní Corsica. Fíìmù náà ti sọnù, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ń yangàn pé ènìyàn lè rí òdìkejì gba ara òkú náà. Ní ilẹ̀ Faransé, Georges Méliès lo ọgbọ́n kan náà fún ẹ̀rín. Nínú fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1900, L'Homme orchestre, òun nìkan ni ó di olórin méje tí wọ́n jókòó lẹ́sẹẹsẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Fíìmù máa ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà ti gba àwòrán. Ibi tí òkùnkùn wà kò tíì gba nǹkan kan. Nítorí náà, wọ́n á ta aṣọ dúdú sẹ́yìn òṣèré, wọ́n á yà á, wọ́n á yí fíìmù padà sẹ́yìn nínú kámẹ́rà, wọ́n á sì tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Méliès ní láti ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ bí onílù ṣe ń ka ìlù, nítorí bí ẹ̀ẹ̀keje bá bàjẹ́, mẹ́fà ìṣáájú ti bá a lọ.

Fídíò kò ṣiṣẹ́ báyẹn. Téèpù kì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Bí o bá tún gba nǹkan sí i, ti àkọ́kọ́ parẹ́ ni. Ẹ̀rọ tí ń po àwòrán méjì pọ̀ ni àwọn olùtò fíìmù wa kọ́kọ́ gbójú lé: wọ́n á fa ọwọ́ rẹ̀ láti àwòrán kan sí èkejì, wọ́n á sì dúró lágbedeméjì. Lórí kọ̀ǹpútà, a ó to àwòrán kan sókè, èkejì sísàlẹ̀, a ó sì dín agbára ti òkè kù sí ìdá 50 nínú 100. Ohun tí ó máa ń ya ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu ni pé àwòrán méjèèjì ni yóò ṣá, nítorí pé ìdajì-ìdajì ni kọ̀ǹpútà mú lára wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó jọ ti fíìmù àtijọ́, kí ó wá ibi tí wọ́n kọ Screen sí: ìyẹn ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀.

Ibí ni mo ti fẹ́ yà sí ilé. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nínú African Arts nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá, pàápàá àwọn ti Ìlá-Ọ̀ràngún. A mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, ère ni wọ́n máa ń gbẹ́ dípò rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ, á sì máa wọṣọ fún un. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn ń lo ọmọláńgidi oníke, àwọn mìíràn, pàápàá nínú Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ń lo fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀ ńkọ́? Onífọ́tò á ya èyí tí ó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táyélolú àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé takọtabo ni wọ́n, á ya èyí tí ó kù nínú aṣọ tirẹ̀, á tún yà á nínú aṣọ èkejì. Ọmọ kan náà di ọkùnrin àti obìnrin nínú fọ́tò kan.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀, nítorí òun gan-an ni ó mú mi kọ̀wé yìí. Smith ṣe wàhálà kí ìbejì tí ó kú lè hàn fírífírí. Onífọ́tò Ìlá ṣe wàhálà kí àwọn méjèèjì lè ki bákan náà, kí ojú má sì rí ilà tí a fi so wọ́n pọ̀. Òkú ni Smith ń yà; ọmọ ni onífọ́tò Ìlá ń yà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal sọ pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" ti wá. Àwọn onímọ̀ èdè lè bá a jiyàn lórí ohùn àti ìpajẹ, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá iṣẹ́ mu tó báyìí.

Lónìí, àwọn ẹbí máa ń gbé fídíò wá bá olùtò pé kí ó fi ẹni tí ó ti lọ kún un. Ọ̀pọ̀ olùtò á kàn dín agbára àwòrán kù, ẹni ọ̀wọ́n á sì di àkúdàáyà láàárín ayẹyẹ. Lójú tèmi, bí ó bá jẹ́ ìbejì, ọ̀nà Ìlá ni ó yẹ. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mi. Ẹ pa ohun tí ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ ya ẹni náà lápá ọ̀tún, ẹ tún yà á lápá òsì, kí ẹ sì gé àwòrán òkè láàárín. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré, mo sì rí i pé etí òpó tàbí ìṣẹ́po aṣọ ìkélé ni ó dára jù láti fi ilà náà pamọ́ sí. Òjìji ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí bí oòrùn bá ti yí díẹ̀, òjìji ọ̀kan á gùn ju ti èkejì lọ.

Bí ẹ bá sì ní fọ́tò ìbejì àtijọ́ nílé, ẹ gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ẹ wo àárín méjì wọn, níbi tí aṣọ ti kan aṣọ. Ẹ wo bóyá ìka ọwọ́ àti ìṣẹ́po aṣọ àwọn méjèèjì rí bákan náà láìyẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ rọra béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó bá wà nílé, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì sẹ́yìn fọ́tò náà.