Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Iṣẹ́ Àwọn Tó Kọ́ Ìmọ̀ Òfin ní Nàìjíríà

1.0 Ìfáárà

Bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ òfin, 'lọ́yà' ni àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ti máa pè é kó tó jáde. Lójú wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀: kó wọ ẹ̀wù dúdú, kó dé irun funfun, kó sì máa rojọ́ níwájú adájọ́. Ẹni tí kò bá tọ ọ̀nà yìí, wọn a ní ó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣòfò. Iṣẹ́ yìí gbé èrò náà yẹ̀ wò nípa títọ ipasẹ̀ àwọn tó ti kọ́ ìmọ̀ òfin ṣáájú. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ìmọ̀ yìí ń bí ti ju ẹyọ kan lọ.

2.0 Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò ní Èkó

Kí òyìnbó tó dé, baálé, ìjòyè àti ọba ló ń parí ẹjọ́. Oníkálukú ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ro tirẹ̀. Kóòtù òyìnbó ló mú agbẹjọ́rò tí ń gbowó iṣẹ́ wọlé. Nítorí pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà kò tó nǹkan, òfin kóòtù ti ọdún 1876 fún Adájọ́ Àgbà láyè láti gba àwọn tó mọ̀wé níwọ̀nba, tí wọ́n sì ní òye òfin díẹ̀, láti máa rojọ́ fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1879, Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró, gba ìwé-ẹ̀rí agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni a kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò dúró sí kóòtù nìkan. Ó tún jókòó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Èkó.

3.0 Àwọn Ọ̀nà Mìíràn

Ọ̀nà kan ni ipò adájọ́. Stella Thomas di obìnrin agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1933, ó sì di májísíréètì ní ọdún 1943. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá náà ti ipò májísíréètì gòkè títí tó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1958.

Ọ̀nà kejì ni ìṣèlú. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe tíṣà, oníròyìn àti oníṣòwò kó tó di agbẹjọ́rò ní ọdún 1946. Ìjọba rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ló bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955.

Ẹ̀kọ́ àti ìwé títẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Teslim Elias ṣe mínísítà ètò ìdájọ́, ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ó di Adájọ́ Àgbà ní ọdún 1972, ó sì di adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní ìlú Hague ní ọdún 1976. Gani Fawẹ̀hìnmi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn, ló dá ìwé tí ń tẹ ìdájọ́ kóòtù jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ní ti Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ kọ́ òfin. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN, ní ọdún 1981.

4.0 Ìyípadà Ọdún 1962

Títí di ìgbà òmìnira, òkè òkun ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò. Àléébù ńlá wà níbẹ̀: ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò kọ́ wọn ní òfin ìbílẹ̀ tàbí ti ilẹ̀ níní wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni agbẹjọ́rò tiwa ń rojọ́, ó tún ń kọ ìwé àdéhùn, nígbà tí iṣẹ́ méjèèjì yà sọ́tọ̀ lọ́hùn-ún. Ìgbìmọ̀ Unsworth ti ọdún 1959 dábàá kí a máa kọ́ òfin nílé. Èyí ló bí òfin ọdún 1962 tó gbé Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà kalẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹ̀kọ́ òfin bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó.

Láti ìgbà náà ni oríta ti wà. Ẹni tó gba oyè LL.B. kò tíì di agbẹjọ́rò. Ó di dandan kó yege ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin kó tó lè rojọ́ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n oyè náà kò di òfo lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lọ. Ó lè ṣiṣẹ́ ìjọba, báńkì, ìròyìn tàbí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́. Fún àwọn tó bá sì lọ, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ka agbẹjọ́rò mọ́ àwọn tó tọ́ sí ipò akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ńlá.

5.0 Èdè Yorùbá àti Iṣẹ́ Òfin

Apá kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fọkàn sí. Abala 36 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè kóòtù, gbọ́dọ̀ rí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ olùjẹ́jọ́ túmọ̀, tẹnu ẹnì kan náà ni adájọ́ gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni méjì ló sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́ òfin, tó sì gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ló lè dènà irú àṣìṣe tó lè sọ aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé kóòtù jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ìmọ̀ òfin là. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti òbí jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ oríta náà kó tó dé ibẹ̀, kí ẹni tó yà sí ọ̀nà mìíràn má baà máa rìn bí ẹni tó ṣìnà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹni tó ń lọ mọ ohun tó fẹ́ rà.