Àṣẹ́kù Eyín Nínú Eegun Àgbọ̀n: Orúkọ àti Òǹkà Nínú Ìtàn Ameloblastoma, Láti Dublin dé Ìbàdàn

Ní ọdún 1827, ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, oníṣẹ́-abẹ kan tí ń jẹ́ James William Cusack ṣe àkọsílẹ̀ nípa kókó kan tí ó hù nínú eegun àgbọ̀n. Àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn òpìtàn ìṣègùn eyín sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó kọ́kọ́ jọ àrùn tí ayé wá mọ̀ sí ameloblastoma. Cusack kò fún un ní orúkọ yẹn. Ọdún 103 ni ó kọjá kí orúkọ náà tó jáde, àrùn kan ṣoṣo náà sì pààrọ̀ orúkọ léraléra láàárín àkókò yìí. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni ìtàn rẹ̀ gbà: orúkọ kò dààmú àwọn onímọ̀ níbẹ̀ tó bí òǹkà ṣe dààmú wọn. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìwádìí láti Ìbàdàn, Kàdúná àti Èkó ti ń fi hàn pé ameloblastoma ni ó pọ̀ jù nínú àwọn kókó tí ó ń hù láti ara ohun tí ń mọ eyín. Inú òǹkà yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti jáde, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́: pé àrùn aláwọ̀ dúdú ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní láti kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ka ohun tí wọ́n kà.

Ohun tí eyín ń fi sílẹ̀

Kí oyún tó pé oṣù méjì ni awọ inú ẹnu ọlẹ̀ ti ń rì wọnú lọ ní ibi tí erìgì yóò wà. Láti ara awọ tí ó rì wọnú yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò mọ ara funfun líle tí ó bo eyín ti ń dìde. Nígbà tí iṣẹ́ wọn bá parí, ó yẹ kí wọ́n pòórá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń lọ. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú erìgì, sínú eegun, àti sí àyíká gbòǹgbò eyín, bí ìyókù amọ̀ ṣe máa ń wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ti parí.

Serge Malassez, onímọ̀ ará Faransé, ni ó fi maikirosikópù fi àwọn àṣẹ́kù yìí hàn kedere ní àyíká gbòǹgbò eyín àgbàlagbà, ní àárín àwọn ọdún 1880. Ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ṣe pàtàkì ni pé àdììtú kan wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá la àpò omi tí ó wà nínú eegun àgbọ̀n, wọ́n máa ń rí i pé ohun kan tí ó jọ awọ ni ó tẹ́ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni eegun kì í ní irú awọ bẹ́ẹ̀ nínú. Ibo ni ó ti wá? Malassez dáhùn pé kò ti ibì kankan wá, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí eyín ti ń hù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe àwọn àṣẹ́kù náà títí di òní.

Oríṣiríṣi nǹkan ni ó lè ti ara àṣẹ́kù wọ̀nyí jáde. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni àpò omi tí ó máa ń wà ní ìdí gbòǹgbò eyín tí akokoro ti pa: oró tí ó ń sun láti inú eyín òkú náà ni ó ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti sùn tipẹ́. Òmíràn máa ń yí orí eyín tí kò ráyè yọ síta ká. Ameloblastoma yàtọ̀ sí wọn. Kókó gan-an ni. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìro ẹni tí ó ń ṣe. Ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, níhà ibi tí àwọn eyín ẹ̀yìn wà, ni ó fẹ́ràn jù. Kì í sábà ràn lọ sí ibòmíràn nínú ara, nítorí náà kì í ṣe jẹjẹrẹ ní ìtumọ̀ tí àwọn oníṣègùn ń fún ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó ń wọ inú eegun lọ ju ibi tí ojú ti lè rí i dé, bí wọ́n bá sì kàn ha á kúrò lásán, yóò padà wá. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́-abẹ fi máa ń gé lára eegun tí ó dára pẹ̀lú rẹ̀, nígbà mìíràn ìdajì àgbọ̀n.

Orúkọ tí kò dúró sójú kan

Ní àwọn ọdún 1860, Paul Broca ní Paris kó gbogbo kókó tí ó ń hù láti ara ohun tí ń mọ eyín pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, odontome. Ẹni tí ó bá ka Broca lónìí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé odontoma òde òní kò tóbi tó ti Broca: kókó tí ó ní ohun líle inú eyín nínú, tí ó tilẹ̀ lè jẹ́ àwọn eyín kéékèèké tí ó ṣù jọ, nìkan ni wọ́n ń fi pè báyìí. Ní ọdún 1879 ni Falkson, onímọ̀ ará Jámánì, ṣàpèjúwe ameloblastoma lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ọdún 1885 ni Malassez fún un ní orúkọ tí ó so ó mọ́ ara líle tí ó bo eyín, èyí tí ó wá di adamantinoma lẹ́nu àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ kan ní Britain gbé ìròyìn tirẹ̀ nípa odontome jáde ní ọdún 1914.

Ohun tí ó wà nídìí ìyípadà ọdún 1930 rọrùn láti lóye. Ivey àti Churchill sọ pé orúkọ adamantinoma ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé kò sí ara líle eyín kankan nínú kókó náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó jọ òṣìṣẹ́ tí í mọ ọ́n ni ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sí. Báyìí ni ameloblastoma ṣe jáde, tí adamantinoma sì wá ṣẹ́kù fún kókó kan tí í ṣe eegun ojúgun, tí kò bá eyín tan rárá.

Àpẹẹrẹ tí ó tún fi hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti keratocyst, tí Philipsen fún ní orúkọ ní ọdún 1956. Nínú ìsọ̀rí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 1971, àpò omi ni. Nínú ti ọdún 1992, àpò omi ni. Ní ọdún 2005, wọ́n sọ ọ́ di kókó, nítorí bí ó ṣe ń padà wá lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ àti nítorí àbùkù tí wọ́n ti rí nínú jíìnì kan tí ń jẹ́ PTCH. Ní ọdún 2017, wọ́n dá a padà sáàárín àwọn àpò omi. Fún ọdún 12, aláìsàn kan náà tí dókítà ìbá kà sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ń kà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí ohun tí ó yí padà lára aláìsàn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ilé ìwòsàn tí ó ń ṣe òǹkà ní àkókò náà, ìpín ameloblastoma wálẹ̀ nínú ìwé láìjẹ́ pé ó dín kù lágbọ̀n ẹnikẹ́ni.

Ìbàdàn, Kàdúná, Èkó

Ọdún 1957 ni Ilé Ìwòsàn Yunifásítì, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní UCH, ṣílẹ̀kùn sí ibùdó tí ó wà títí di òní. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Denis Burkitt kọ̀wé láti Kampala nípa kókó tí ó ń wú àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Àrùn Burkitt kì í ṣe ti eyín. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Síbẹ̀, òkìkí rẹ̀ jẹ́ kí àgbọ̀n ọmọ Áfíríkà di ohun tí ìwé ìwádìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri ayé, ó sì ṣeé ṣe kí àrùn àgbọ̀n àwọn àgbàlagbà, tí kì í yára pani, má tètè rí ìtọ́jú kan náà lọ́dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé.

Ọdún 1969 ni Akinosi àti Williams gbé ìwé wọn jáde nípa ameloblastoma ní Ìbàdàn. Akinosi yìí náà ni ó kọ̀wé ní ọdún 1977 nípa ọ̀nà tí a fi lè gún abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora àgbọ̀n ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé aláìsàn la ẹnu. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti Vazirani, tí ó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣègùn eyín. Ní ọdún 1980, Adekeye kọ̀wé láti Kàdúná lórí aláìsàn ameloblastoma 109. Arotiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò ọdún 15 jáde láti Ìbàdàn ní ọdún 1997. Ní Èkó, níbi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì ní ọdún 1966, Ladeinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka kókó 319 nínú ìwé wọn ti ọdún 2005. Ameloblastoma ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún wọn lọ.

Ohun tí wọ́n kà àti ẹni tí wọ́n kà

Ìwé tí wọ́n sábà máa ń gbé ti Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ti Regezi, Kerr àti Courtney, tí ó jáde láti Michigan ní ọdún 1978. Kókó 706 ni wọ́n kà. Odontoma kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ameloblastoma jẹ́ nǹkan bí 11 nínú 100. Ẹni tí ó bá yára wo òǹkà méjèèjì yóò sọ pé ameloblastoma fi ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀ ní Èkó ju Michigan lọ. Àṣìṣe ni. Ìpín nínú ọgọ́rùn-ún kì í sọ iye ènìyàn tí àrùn mú nínú ìlú. Ohun tí ó ń sọ ni iye tí ó jẹ́ nínú àwọn tí ó dé tábìlì ẹni tí ń wo maikirosikópù.

Báwo sì ni odontoma ṣe ń dé tábìlì náà? Kì í dunni, kì í sì í sábà wú ojú. X-ray tí wọ́n yà fún ìdí mìíràn ni ó sábà máa ń tú u fó, tàbí eyín ọmọ tí kò yọ. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ya X-ray eyín fún ọmọ iléèwé, odontoma yóò pọ̀. Ní ibi tí ènìyàn kì í ti í lọ rí dókítà eyín àfi bí ojú bá ti wú, odontoma yóò wà níbi tí ó wà títí ẹni náà yóò fi kú, kò sì ní wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Ameloblastoma kò lè fara pamọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pẹ́ tó, yóò fi ara hàn, àwọn ilé ìwòsàn ńlá bí UCH sì ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí láti ọ̀nà jíjìn.

Àlàyé yìí dára, àwọn mìíràn sì ti fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ náà. Kò tó. Bí a bá yọ odontoma kúrò nínú òǹkà Michigan, nǹkan bí 33 ni yóò kù nínú 100, ameloblastoma yóò sì jẹ́ 11 lára wọn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní Èkó, odontoma kéré débi pé yíyọ rẹ̀ kò yí ohun púpọ̀ padà. Ameloblastoma ṣì ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún lọ. Àlàfo náà dín kù gan-an, ṣùgbọ́n kò dí.

Iṣẹ́ kan tí ó gbìyànjú láti kọjá ìpín nínú ọgọ́rùn-ún ní àkókò náà ni ti Shear àti Singh ní Witwatersrand, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1978. Wọ́n fi iye aláìsàn wé iye ènìyàn tí ó ń gbé ìlú. Nínú mílíọ̀nù kan lọ́dún, 1.96 ni wọ́n rí láàárín ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àti 1.20 láàárín obìnrin wọn. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 0.18 fún ọkùnrin àti 0.44 fún obìnrin. Àwọn aláwọ̀ funfun ni àpò omi orí eyín tí kò yọ sì pọ̀ sí jù, èyí tí X-ray máa ń tú síta bí odontoma. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú kò ní àǹfààní ilé ìwòsàn bí ti funfun; bí òǹkà rẹ̀ bá ṣì yìn, yóò jẹ́ síhà pé ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ìyàtọ̀ kan wà tí X-ray nìkan kò lè ṣàlàyé.

Ṣùgbọ́n pé ìyàtọ̀ wà kò sọ ohun tí ó fà á. Àwọ̀ ara kì í ṣe okùnfà àrùn, ohun tí ó so ará Soweto pọ̀ mọ́ ará Ìbàdàn nínú ìran kò sì pọ̀ tó bí ọ̀rọ̀ náà "aláwọ̀ dúdú" ṣe ń dún. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti ní Finland rí i pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ameloblastoma àgbọ̀n ìsàlẹ̀, jíìnì kan tí ń jẹ́ BRAF ti yí padà. Ìyípadà yìí kì í ṣe àjogúnbá. Inú kókó náà ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹni náà ti wà láyé. Irú àwárí bẹ́ẹ̀ ń fa ìbéèrè kúrò lórí ìran, ó ń gbé e lọ sórí ohun tí ó ń bá sẹ́ẹ̀lì àgbọ̀n nínú ìgbésí ayé ẹni.

Ọ̀ràn èdè

Èdè-ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìṣègùn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Èyí fi dókítà àti aláìsàn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ameloblastoma mu. Bí dókítà bá pè é ní jẹjẹrẹ, ohun tí ẹbí aláìsàn yóò gbọ́ ni ikú, wọ́n sì lè gbé e kúrò kí abẹ tó kàn án. Bí ó bá pè é ní kókó, ohun tí wọ́n yóò gbọ́ ni nǹkan tí ó lè dúró títí di ọdún tí ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni eegun tí wọ́n yóò gé yóò ṣe pọ̀ tó. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni àwọn aláìsàn ameloblastoma tí ó wà nínú ìwé Èkó ti kọjá, gbólóhùn tí wọ́n fi ṣàlàyé àrùn náà fún wọn kò sì sí nínú ìwé ìwádìí kankan nínú àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí.