KÁÀDÌ WHOT TÍ A FI ỌWỌ́ ṢE NÍ BENIN CITY

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni a sábà máa ń kà. Ohun kékeré ni èmi fẹ́ kọ̀wé lé lórí, ohun tí ó ti wọ inú ilé gbogbo wa: káàdì Whot, pàápàá jù lọ èyí tí a kò rà lọ́jà, tí a fi páálí àti tàdáwà ṣe nílé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa rò pé Nàìjíríà ni Whot ti ṣẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará England kan tí ń jẹ́ William Henry Storey ni ó ṣe é ní ọdún 1935, ilé iṣẹ́ Waddingtons ti ìlú Leeds sì ń tẹ̀ ẹ́ tà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwa ni a sọ ọ́ di eré gidi. Káàdì 54 ni ó wà nínú odindi páálí kan. Róbótó jẹ́ 12, onígun mẹ́ta jẹ́ 12, àgbélébùú jẹ́ 9, onígun mẹ́rin jẹ́ 9, ìràwọ̀ jẹ́ 7, Whot fúnra rẹ̀ tí ó jẹ́ ogún sì jẹ́ 5. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 14, ṣùgbọ́n kò sí 6, kò sì sí 9. Ọgbọ́n tí èmi rí níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá dorí 6 kodò, 9 ni yóò dà, ìjà á sì dé. Ẹ fi nọ́ńbà wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí mo ń bọ̀ wá sórí wọn.

Láàárín ọdún 1982 sí 1986, nǹkan le. Bendel State ni ibí nígbà náà, nítorí 1991 ni wọ́n tó dá Edo State sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba Shagari sì ṣe òfin ní 1982 tí ó dín ọjà òkè òkun kù. Nígbà tí ọjà dọ́là tí wọ́n ń pè ní SFEM bẹ̀rẹ̀ ní September 1986, dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ ti kọjá náírà 3 kí ọdún náà tó parí. Ẹni tí ó ń tò fún sùgà àti mílíìkì kò ní rántí àtira káàdì fún ọmọ. Àwọn ọmọ bá ṣe tiwọn.

Páálí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà: páálí sùgà, páálí ọṣẹ, páálí tí wọ́n ń fi sínú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, àti àgékù tí àwọn tí ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ń dà nù. Ìṣòro kan wà tí ẹni tí kò ṣe é rí kò lè mọ̀, ẹ̀yìn káàdì ni. Bí ẹ̀yìn ọ̀kan bá jẹ́ àwòrán ọṣẹ tí òmíràn sì jẹ́ àwòrán sùgà, kò ní pẹ́ tí gbogbo ọmọ inú ilé yóò fi mọ̀ pé olọ́ṣẹ ni ogún. Eré bàjẹ́ nìyẹn. Bí páálí bá sì fẹ́lẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ àtùpà yóò là á kọjá, ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ yóò máa ka ọwọ́ rẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ ewé méjì pọ̀, tí wọ́n sì ń fi àtè dúdú sáàárín. Àtè tiwa ni sítáàṣì. Sítáàṣì kò wọ́n ní Benin, òun náà ni usi tí àwọn onílẹ̀ fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹyìn. A ó fi omi gbígbóná pò ó, a ó lẹ ojú funfun kàlẹ́ńdà àtijọ́ mọ́ páálí níwájú àti lẹ́yìn, a ó sì fi sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì fún òru méjì. Lẹ́yìn náà ni a ó gé e, a ó fi owó kọ́bọ̀ yí igun rẹ̀, a ó sì fi àbẹ́là pa á lára kí ó lè máa yọ̀ lọ́wọ́.

Ìtẹ̀wé wá kù. Ta ni ó lè fi ọwọ́ ya ìràwọ̀ kí ó bára mu lẹ́ẹ̀meje? Àwọn kan gé àwòrán sára àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tí ó ti já, wọ́n ń fi í tẹ tàdáwà òǹtẹ̀. Èyí dára fún àwòrán, ṣùgbọ́n nọ́ńbà gbọ́dọ̀ yí ojú padà lára òǹtẹ̀ kí ó tó lè tọ́ lórí káàdì. Fíìmù X-ray àtijọ́ ni ó dára jù. Abẹ ni a fi ń gé ihò sí i, tí a ó sì fi fóòmù kan tàdáwà kọjá nínú ihò náà. Kìkì pé bí ẹ bá gé 4 tàbí 8, inú rẹ̀ yóò jábọ́ àfi bí ẹ bá fi afárá tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi wo èyí lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé iṣẹ́ àdìrẹ ni a ń ṣe. Òótọ́ ló sọ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń gé àwòrán sára páànù tipẹ́, tí wọ́n ń ti ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò rẹ̀ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Àwọn aṣekáàdì Yúróòpù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín 1370 sí 1380 ni káàdì dé ọ̀dọ̀ wọn láti ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, nígbà tí ó sì di ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán, ihò gígé ni wọ́n sì fi ń kun ọ̀dà sí i. Monopoly pàápàá, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi ọwọ́ yà á nílé kí Parker Brothers tó rà á ní 1935.

Ní ilé tí a háyà sí nígbà náà, Ẹ̀dó, Ìshàn, Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá ni ó kún yàrá mẹ́wàá. Pijin ni àwa ọmọ ń sọ. Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, a ń pè é ní Màmá Ìjẹ̀bú, kò sì fara mọ́ ọn pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ka owó ní Yorùbá kí wọ́n kọsẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé Whot mọ ibi tí kíkà wa ti rọrùn. Mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, àfikún ni gbogbo wọn. Láti 15 ni Yorùbá ti ń yọ kúrò nínú ogún: márùn-ún dín ni, mẹ́rin dín ni. Ibẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà Whot ti dúró, tí ó fò lọ sórí ogún! Màmá bá ní kí a tẹ márùn-ún sí i: 15 róbótó, 16 onígun mẹ́ta, 17 àgbélébùú, 18 onígun mẹ́rin, 19 ìràwọ̀. Káàdì wa di 59. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ìràwọ̀ 19 kù sí òun lọ́wọ́, nítorí ìlọ́po méjì ni a ń ka ìràwọ̀, méjìdínlógójì sì ni yóò dà.

Bí eré bá parí, tí oníkálukú ń ṣírò èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, Yorùbá ni a gbọ́dọ̀ fi kà á jáde. Mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá àti ogún, èló ni? Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹni tí kò bá lè pè é, a ó fi márùn-ún kún tirẹ̀. Ọmọ Ẹ̀dó méjì inú ilé náà mọ̀ ọ́n ju ọmọ Yorùbá mìíràn lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ tí a bí sí Benin lónìí, tí àwọn òbí wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò lè pe 17 ní èdè wa. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ta Whot. Fóònù ni ó ń po káàdì, òun náà ni ó ń ṣírò, ẹnikẹ́ni kì í pe nǹkan kan jáde.

Iṣẹ́ náà ti wá rọrùn gan-an. Ẹni tí ó bá mọ kọ̀ǹpútà lò lè to káàdì mẹ́sàn-án sórí ìwé A4 kan, bí fífẹ̀ káàdì bá jẹ́ mìlímítà 63, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 88. Ojú ìwé 6 tó fún 54. Káàdì 59 ti Màmá Ìjẹ̀bú yóò gba ojú ìwé 7, àyè mẹ́rin yóò sì ṣẹ́kù lórí èyí tí ó kẹ́yìn, tí ènìyàn lè fi tẹ 6 méjì àti 9 méjì, bí ó bá ti fa ìlà sí abẹ́ wọn.